Sudoku mi gba 3, ó tún gba 7: èwo ni kí n mú?

ỌmọKubwa · Àbámẹ́ta, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lánàá ni mo ra sùyà lọ́wọ́ Mallam kan ní àdúgbò wa ní Kubwa níbí. Nígbà tí mo tú u nílé, mo rí i pé Sudoku, géèmù tí a fi ń to nọ́ńbà 1 sí 9 sínú àwọn ihò, wà lójú bébà tó fi dì í, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń ta géèmù yìí lórí láptọ́ọ̀pù mi, èyí tó bá Linux wá (ètò tí láptọ́ọ̀pù náà fi ń ṣiṣẹ́), GNOME Sudoku ni wọ́n ń pè é. Ó ní ibi tí èèyàn ti lè fúnra rẹ̀ tẹ èyí tó bá rí níta sínú rẹ̀. Mo bá jókòó, mò ń jẹ, mò ń tẹ̀. Nọ́ńbà 27 ni wọ́n fi lélẹ̀.

Ó gbà mí tó wákàtí kan àbọ̀. N kò méfò rárá, gbogbo rẹ̀ ni mo fi làákàyè wá. Yàrá 77 ti kún nínú 81 (yàrá ni èmi máa ń pe ihò kọ̀ọ̀kan). Ó wá ku mẹ́rin péré. Ẹ wo ìlà 4, 5 àti 6:

5 _ 1 | 8 2 9 | 4 _ 6
8 _ 6 | 1 4 5 | 2 _ 9
4 9 2 | 6 7 3 | 5 1 8

Nínú yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, 3 àti 7 nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Mo fi 3 sí àkọ́kọ́, mẹ́ta tó kù tò tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ní mo ṣe dáadáa. Mo ní kí n tún dán an wò. Mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, mo fi 7 bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní mo ṣe dáadáa! Èwo ló wá jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì?

BàbáÌbejì_Lugbe · 8:55

Àbúrò, o ti jẹ ayò tán, o tún jókòó o ń ka ọmọ ayò. Mú èyí tó bá wù ọ́ kí o lọ sùn.

DúdúKàdúná · 9:02

Kí ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí lórí òpó yìí? Sudoku tó bá ti le, ìméfò ló kù. Èmi ò tiẹ̀ ń fàkókò ṣòfò. Mo máa fi nọ́ńbà kan sí i, tó bá pọ́n, mo máa yọ ọ́, tí kò bá pọ́n, mo ti lọ. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ, o rìn ín méjèèjì, méjèèjì já. Kí lo tún ń wá?

ÌyáTóbi_Mararaba · 9:20

Dúdú, o tún ti dé. Ọmọ Kubwa, má gbọ́ tiẹ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ìṣirò, mo sì máa ń lo Sudoku fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì tí orí wọn kò bá sí nínú ìwé mọ́. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn nìyí. Orúkọ yẹn, Sudoku, wọ́n gé e kúrú ni. Gbólóhùn gígùn kan ló jẹ́ lédè Japan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ “nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ àpọ́n”. Mo ní kí wọ́n wò ó bí fésì-mí-n-fésì-ẹ Mararaba wa yìí: agboolé 9, yàrá 9 nínú agboolé kọ̀ọ̀kan, àpọ́n kan sí yàrá kan. Àpọ́n méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò gbọdọ̀ pàdé nínú agboolé kan, wọn kò gbọdọ̀ pàdé lórí ìlà kan tó lọ ní ìbú, wọn kò sì gbọdọ̀ pàdé lórí òpó kan tó lọ sísàlẹ̀. Kíá ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ.

Wàyí o, wo yàrá rẹ mẹ́rin yẹn. Ìlà 4 àti 5 ni wọ́n wà, òpó 2 àti 8 ni wọ́n wà, agboolé méjì péré ni wọ́n pín sí. Àpọ́n 3 àti àpọ́n 7 lè pààrọ̀ yàrá láàárín ara wọn lóru, kò sí aládùúgbò kankan tó máa mọ̀. Ìlà 4 ṣì ní 3 kan àti 7 kan. Òpó 2 náà bẹ́ẹ̀. Agboolé náà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi wọlé.

Àmọ́ Sudoku tí wọ́n tẹ̀ síta dáadáa kò gbọdọ̀ ní ju ìdáhùn kan lọ. Nítorí náà ìwọ kọ́ lo ṣàṣìṣe nígbà tí ò ń ta á. Níbi tí o ti tẹ̀ ẹ́ wọlé ni kí o wò.

DúdúKàdúná · 9:26

Ẹ ṣé, Mà. Àmọ́ 27 kò ha kéré bí? Nínú 81! Bóyá ìwé ìròyìn náà ló ṣahun. Ká ní wọ́n fi 40 sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣẹlẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe_Wuse · 9:41

Iye kọ́. 17 lè tó, 77 lè má tó.

Ọ̀rọ̀ 17 kọ́kọ́. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University College Dublin, ní Ireland, fi kọ̀ǹpútà wá a títí wọ́n fi rí i pé kò sí Sudoku tí wọ́n fi nọ́ńbà 16 lélẹ̀ tó lè ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Àwọn tó ní 17 tó sì ní ìdáhùn kan ṣoṣo wà, wọ́n pọ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ 77 ńkọ́? Ojú ẹ̀yin náà ló ṣe. Ọmọ Kubwa ti kún 77, mẹ́rin ló kù, síbẹ̀ ìdáhùn méjì ló wà níbẹ̀. Ká ní ìwé ìròyìn ló tẹ gbogbo 77 yẹn síta fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, méjì náà ni ìdáhùn ì bá jẹ́. Ibi tí wọ́n fi nọ́ńbà sí ló ṣe pàtàkì.

Lórí pípọ́n tí Dúdú gbójú lé: nínú géèmù tí ọmọ yìí ń lò, nọ́ńbà tó bá forí gbárí ló ń pọ́n, ìyẹn 7 méjì lórí ìlà kan tàbí nínú agboolé kan. Kò dá ìdáhùn rẹ mọ́ tàbí òdìkejì rẹ̀. O lè fi nọ́ńbà tí kò tọ́ sí yàrá kan ní aago méje, kó má pọ́n títí di aago mẹ́jọ, tí gbogbo iṣẹ́ á fi bàjẹ́.

Àmọ́ ìbéèrè mi fún ọmọ Kubwa: nígbà tó o tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, tó o ní kó bẹ̀rẹ̀, ṣé kò kọ nǹkan kan sójú fèrèsé fún ọ? Mo béèrè nítorí pé ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á.

DúdúKàdúná · 9:44

Báwo ló ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ó ní gbogbo Sudoku ayé nínú ni?

Atúnkọ̀ǹpútàṢe_Wuse · 9:58

Kò sẹ́ni tó lè ní gbogbo rẹ̀ nílé. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Felgenhauer àti Jarvis, ka iye ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kún yàrá 81 náà ní 2005, nọ́ńbà tó jáde ní figọ̀ 22: 6,670,903,752,021,072,936,960.

Ohun tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣe ni pé á mú yàrá kan tó ṣófo, á fi nọ́ńbà tí òfin gbà sí i, á kọjá sí èyí tó kàn. Tó bá dé yàrá tí nọ́ńbà kankan kò lè wọ̀ mọ́, á pa dà sẹ́yìn, á yọ èyí tó fi sí kẹ́yìn, á fi òmíràn dán an wò. Tó bá kún gbogbo rẹ̀, kò ní dúró. Á tún máa wá lọ bí ẹni pé kò tíì rí nǹkan kan. Bó bá tún rí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó parí, Sudoku yẹn kò pé.

DúdúKàdúná · 10:01

Ẹ gbọ́ o! Kọ̀ǹpútà gan-an ń méfò!!! Mo ti jàre.

ÌyáTóbi_Mararaba · 10:04

Kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀, Dúdú. Bó bá ṣìnà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ó rántí ibi tó ti yà. Ìwọ kì í rántí ibi tó o gbé kọ́kọ́rọ́ sí.

BabaAyò_SabonGari · 10:10

Èmi kò mọ Sudoku tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi ló fi sórí fóònù fún mi. Àmọ́ láti Kano níbí ni mo ti ń wo yín, mo sì fẹ́ sọ èyí. Nídìí ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sí ohun tó ń pọ́n. Bó o bá gbé ihò tí kò yẹ, ẹni tó jókòó kọjú sí ọ ló máa fi hàn ọ́ pé o ti gbé e, á sì jẹ ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé kó tó ronú, òpe là ń pè é. Dúdú, ṣé o ti gbọ́?

DúdúKàdúná · 10:12

Bàbá, mo ti gbọ́, sà. Gbogbo ilé ló ti dojú kọ mí lálẹ́ yìí.

Alfa_Samaru · 10:19

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe rí 4 9 2 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà 6 yẹn ni ara mi ta. Bí hàǹtú onílé 9 tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn: 4 9 2, lábẹ́ rẹ̀ 3 5 7, lábẹ́ rẹ̀ 8 1 6. Ẹ ro ó pọ̀ ní ìbú, ní òòró, láti igun dé igun, 15 ni.

Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ kí á to nọ́ńbà sínú ilé ṣàjèjì sí ìhà òkè yìí. Àfáà ọmọ Fúlàní kan wà láti ilẹ̀ Katsina, Muhammad ibn Muhammad al-Kishnawi. Ó rìnrìn àjò lọ sí Káírò, ibẹ̀ ló sì ti fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé ní 1732 lórí bí wọ́n ṣe ń to irú hàǹtú bẹ́ẹ̀. Káírò náà ló kú sí ní 1741. Láti Samaru níbi tí mo wà yìí, Katsina kò jìnnà. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá rí àwọn ọmọ lórí fóònù wọn.

Kò túmọ̀ sí pé Sudoku ni hàǹtú o. Hàǹtú, ìṣirò ni, àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Sudoku kò ní àròpọ̀ kankan nínú. Ẹ yọ 1 sí 9 kúrò, ẹ fi àwòrán ewúrẹ́, adìẹ, ẹja àti mẹ́fà mìíràn rọ́pò, géèmù náà ń lọ bó ṣe ń lọ.

BàbáÌbejì_Lugbe · 10:23

Ewúrẹ́ kẹ̀, Alfa! Ẹ ti jẹ́ kí ebi pa mí.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan gbọ́n o, ẹni tó ronú kan èyí.

ÌyáTóbi_Mararaba · 10:31

Ará Amẹ́ríkà ló ronú kàn án, Bàbá Ìbejì. Howard Garns, ayàwòrán-ilé tó ti fẹ̀yìn tì ní Indiana ni. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Dell ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, “Number Place” ni wọ́n pè é. Àwọn Nikoli, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Japan, ló mú un lọ sọ́dọ̀ wọn ní 1984, àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ àpọ́n yẹn. Nígbà tí ó wá dé gbogbo ayé, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Hong Kong ló gbé e dé, Wayne Gould, ọmọ New Zealand. Ó rí i nílé ìtàwé kan ní Tokyo ní 1997, ó sì lo nǹkan bí ọdún 6 láti kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é jáde fúnra rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Times ní London bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kọkànlá 2004.

Adájọ́ tó kọ́ ètò kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì! Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, rìmóòtù ló ń gbé kiri.

ỌmọKubwa · 10:38

Ẹ má bínú, Nẹ́pà mú iná, mo ń wá ibi tí mo fi inverter... ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Wuse, ojú tì mí. Òótọ́ ni, ó kọ nǹkan kan. Gbólóhùn méjì lédè Òyìnbó, bọ́tìnì méjì nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi lépo nígbà yẹn, mo kàn fi ìka kékeré tẹ “Play Anyway” kí n lè bẹ̀rẹ̀. N kò kà á.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe_Wuse · 10:40

Hẹn-ẹn. Ó sọ fún ọ pé ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó sọ fún ọ láti àárọ̀ ọjọ́.

Dá mi lóhùn: ṣé nọ́ńbà wà ní yàrá àárín gbùngbùn, ìlà 5 òpó 5, lójú bébà?

ỌmọKubwa · 10:42

Rárá, sà. Òfìfo ni. Èmi ni mo wá 4 yẹn rí.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe_Wuse · 10:57

Ó dáa. Nọ́ńbà kan ti sọ nù, mo sì rò pé a lè rí i láìtíì wo bébà.

Àwọn Nikoli tí Ìyá Tóbi dárúkọ, ní 1986 wọ́n fi òfin méjì kún iṣẹ́ wọn: iye tí wọ́n ń fi lélẹ̀ kò ní ju 32 lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò ó kó dọ́gba. Ìyẹn ni pé bó o bá yí bébà náà po, tí orí di ìdí, àwọn yàrá tó ní nọ́ńbà àti àwọn tó ṣófo á ṣì wà ní ojú ibi kan náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe dandan o, àwọn mìíràn kì í tò ó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò búra.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ, gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fi lélẹ̀ ló ní èkejì lódìkejì. Yàrá àárín nìkan ni kò ní èkejì, torí bó o ṣe yí i po, ibẹ̀ náà ló wà. Àárín tìrẹ ṣófo. Iye wọn wá gbọ́dọ̀ pín sí méjì. 27 kò pín sí méjì. Mo fura pé 28 ni.

Kọ èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ìlà 4, 5 àti 6 nìkan fún mi, bó ṣe wà lójú bébà.

ÌyáTóbi_Mararaba · 10:59

Ọlọ́run ò! Mo ti ń lò ó fọ́dún mẹ́rin, mi ò ka ìyẹn rí.

ỌmọKubwa · 11:04

_ _ 1 | _ _ 9 | _ _ _
8 _ _ | _ _ _ | _ _ 9
_ 9 _ | 6 _ _ | 5 _ _

Atúnkọ̀ǹpútàṢe_Wuse · 11:09

Ìlà 4 dojú kọ ìlà 6. Òpó 1 dojú kọ òpó 9, 2 dojú kọ 8, 3 dojú kọ 7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

1 tó wà ní ìlà 4 òpó 3, èkejì rẹ̀ ni 5 ní ìlà 6 òpó 7. Ó pé. 9 tó wà ní òpó 6 lókè, èkejì rẹ̀ ni 6 ní òpó 4 nísàlẹ̀. Ó pé. Ìlà 5, 8 níbẹ̀rẹ̀, 9 nípẹ̀kun. Ó pé. Ó ku 9 tó dá dúró ní ìlà 6 òpó 2. Èkejì rẹ̀ yẹ kó wà ní ìlà 4 òpó 8, ibẹ̀ sì ṣófo.

Ìlà 4 òpó 8. Ọ̀kan nínú yàrá mẹ́rin tó ń dà ọ́ láàmú ni. Lọ wo bébà rẹ.

DúdúKàdúná · 11:10

Ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni má sùn o.

BàbáÌbejì_Lugbe · 11:12

Mo ti dìde jókòó. Àbúrò, ṣé bébà náà ṣì wà? Kí o má sọ pé o ti jù ú sílẹ̀.

ỌmọKubwa · 11:26

Ẹ jẹ́ n ròyìn rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó mi ti ká a sínú báàgì ìdọ̀tí. Mo tú báàgì, mo rí i lábẹ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Òróró ti mu apá ọ̀tún ìlà 4 yẹn débi pé lẹ́tà ẹ̀yìn bébà hàn síwájú, lórí rẹ̀ gan-an ni yájì lẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ bí amọ̀. Mo fi èékánná họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má ya. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ìlà kan tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Kò tẹ̀ kọrọdọ bíi ti 3. Mo họ ọ́ sí i, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀, ó fì sí òsì.

7 ni!

Mo pa dà sórí láptọ́ọ̀pù, mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, 28. Lọ́tẹ̀ yìí kò kọ nǹkan kan sójú fèrèsé, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ìlà 4 di 3 ní òpó 2 àti 7 ní òpó 8. Ìlà 5, 7 ní òpó 2 àti 3 ní òpó 8. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Wuse, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá wa ní Mararaba, ẹ ṣeun, Mà.

DúdúKàdúná · 11:29

Àkọ́kọ́ tó o fi sí i, 3 ni, àbí? Ìyẹn ni pé ìméfò àkọ́kọ́ ló tọ̀nà.

ÌyáTóbi_Mararaba · 11:30

Dúdú.

DúdúKàdúná · 11:30

Mo ti dákẹ́, Mà.

Alfa_Samaru · 11:37

Má ju bébà yẹn nù o. Fi fóònù ya á kí o gbé e síbí.

BàbáÌbejì_Lugbe · 11:41

Ẹ fi bébà sílẹ̀. Ibo gan-an ni Mallam yẹn ń jókòó sí ní Kubwa? Yájì tó lè bo 7 mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, kì í ṣe yájì kékeré.

ỌmọKubwa · 11:48

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti ń bọ̀ láti Lugbe, ẹ pè mí, a jọ máa lọ. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ lọ́la. Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ kúrò nílé títí màá fi fi aṣọ tútù nu gbogbo bọ́tìnì láptọ́ọ̀pù yìí, ó ní gbogbo pálọ̀ ló ń rùn sùyà. 7 ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta ló ń jáde.